Willis Conover: Sọ́jà Tó Ń Lu Àwo Orin fún Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lóṣù yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Yorùbá. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni. Àmọ́ ẹ bi àwọn bàbá wa tí wọ́n ní rédíò oníbátìrì láyé ọjọ́un, àwọn tí wọ́n máa ń sá bátìrì sóòrùn kó lè tún gba agbára díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn rántí ohùn kan tó jinlẹ̀, tí kì í kánjú, tó máa ń jáde lálẹ́ lórí ṣọ́ọ̀tì wéèfù láti ilé iṣẹ́ Ohùn Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí orin Duke Ellington bá ti kọ́kọ́ dún díẹ̀. Willis Conover lorúkọ ẹni tó ni ohùn náà. Láti ọdún 1996 ló ti kú.

Ìdí tí mo fi rántí rẹ̀ ò jìnnà. Ẹ̀yin náà mọ àríyànjiyàn tí kì í tán lórí wáásáàpù wa: ṣé ó yẹ kí ọ̀dọ́ lọ máa ṣiṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀ fún un? Àgùnbánirọ̀ tó bá lọ máa bá ilé iṣẹ́ rédíò ka ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ṣé ọgbọ́n ló gbọ́n ni àbí wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ? Ẹ jẹ́ ká wo ìgbésí ayé ọkùnrin yìí, nítorí pé ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Sọ́jà ni bàbá rẹ̀, ẹ sì mọ bí ọmọ sọ́jà ṣe máa ń rí: kó tó mọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tán, wọ́n ti tún dẹrù. Ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ tó pẹ́ á wá ọ̀rẹ́ sínú ìwé. Nígbà tó tó ọmọ ọdún 15, tí wọ́n ń gbé ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Maryland, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan jáde fún àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ nípa ọ̀run òun ìràwọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ H. P. Lovecraft, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ìtàn abàmì, ọkùnrin náà sì ń dá ọmọdé yìí lóhùn títí tó fi kú ní 1937. Lovecraft yìí, tí ẹ bá ka àwọn lẹ́tà rẹ̀ yòókù, kò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú rárá. Ọmọ tó ń bá a kọ̀wé ló wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé orin aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé. Ẹ̀yin ẹ wò ó.

Rédíò wọ̀ ọ́ lẹ́wù nígbà tó ṣì kéré. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó rí iṣẹ́ olóhùn ní ilé iṣẹ́ WTBO ní ìlú Cumberland, ní Maryland kan náà. Iṣẹ́ kékeré ni o, ìlú kékeré sì ni. Kó ka ìpolówó ọjà, kó ka ìròyìn, kó sọ iye aago. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nígbà tí ogun bá a.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Nígbà tó di 1942, ìjọba ti mú Conover wọṣẹ́ ológun. Kì í ṣe pé ó yan iṣẹ́ náà o, òfin ló mú un bí ó ṣe mú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Fort Meade ni wọ́n gbé e lọ, bárékè ńlá kan láàrin Baltimore àti Washington. Nítorí pé ó lè sọ̀rọ̀, tó sì lè tẹ́tí, wọ́n fi í sídìí tábìlì kó máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lẹ́nu wò, láti mọ iṣẹ́ tí oníkálùkù lè ṣe. Káfíńtà bọ́ síbí, awakọ̀ bọ́ sọ́hùn-ún, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ìbọn ni tirẹ̀. Bó ṣe jókòó sídìí tábìlì yẹn nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń wọ ọkọ̀ òkun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orin àti ogun, torí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá àwọn ológun Amẹ́ríkà ti rí i pé bí sọ́jà kò bá rí nǹkan gbọ́ láti ilé, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1942 kan náà ni wọ́n dá ètò rédíò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun níbikíbi tí wọ́n bá wà. Àmọ́ wàhálà kan dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn olórin daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ kankan mọ́ àfi tí wọ́n bá ń fún àwọn ní tiwọn lórí àwo tí wọ́n ń tà. Ìjà náà wọ oṣù Kọkànlá ọdún 1944 kó tó parí. Ní 1943, àwọn ológun bẹ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì gbà láti kọrin sínú àwo kan tí wọ́n pè ní V-Disc. Sọ́jà nìkan ló wà fún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, olórin kò sì gba owó lé e. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí ní 1949, wọ́n fọ́ púpọ̀ nínú àwọn àwo náà kí wọ́n má baà dọjà, torí bí àdéhùn ṣe wà nìyẹn.

Àsìkò báyìí ni Conover máa ń ti bárékè wọ Washington nígbà tí àyè bá gbà á. Ní ìlú náà, wọ́n ní kántíìnì kan tí àwọn sọ́jà tó gba ìsinmi máa ń lọ jẹun, kí wọ́n jó, kí wọ́n sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó ń sìn wọ́n níbẹ̀ náà, tinútinú ni wọ́n fi ń ṣe é. Conover, tí òun náà wọ aṣọ sọ́jà, yọ̀ǹda ara rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ ìlu-àwo. Òun ló ń yan orin, òun ló ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ láàrin àwo sí àwo.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọwọ́ dẹngbẹrẹ ni. Àwo ìgbà yẹn, ojú kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bí ọ̀kan bá ti ń dún, èyí tó kàn gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ ti nu eruku ara rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí wàá sọ. Àwọn tó wà níwájú rẹ sì rèé: ọmọ ogún ọdún tí yóò wọkọ̀ lọ sójú ogun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò mọ̀ bóyá òun á padà. Kí lo fẹ́ lù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tó o bá lu orin arò, wàá bà á nínú jẹ́. Tó o bá lu ti ijó ṣáá, inú á bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyàwó. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni Conover ti kọ́ ohun tó wá sọ ọ́ di ẹni ńlá, ìyẹn ni kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ kí orin lè sọ tirẹ̀.

Ìròyìn rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ rédíò WWDC ní Washington. Wọ́n gbà á kó máa wá ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, sọ́jà ló sì ṣì jẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1946, kò wáṣẹ́ kiri bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ti ń dúró dè é.

Washington tí mò ń wí yìí, ẹ má rò pé ìlú tí gbogbo èèyàn ń jọ jókòó ni. Olú ìlú Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, àmọ́ aláwọ̀ dúdú kò lè wọ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé fàájì tó wà láàrin ìlú. Àwọn ọmọ ogun pàápàá, funfun wà lọ́tọ̀, dúdú wà lọ́tọ̀, títí Ààrẹ Truman fi fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí i ní oṣù Keje ọdún 1948. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: aláwọ̀ dúdú ló ni orin tí gbogbo wọn ń jó sí, wọn ò sì ní jẹ́ kó jókòó gbọ́ ọ. Conover bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò eré jazz ní àwọn ilé fàájì ìlú náà, ohun tó sì máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí àwọn òṣèré àti àwọn òǹwòran jẹ́ dúdú àti funfun pọ̀. Kò pariwo lé e lórí. Ó kàn ń ṣe é ni, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìdè náà máa tú ní àwọn ilé fàájì wọ̀nyẹn. Ó tún ti ẹgbẹ́ olórin kan lẹ́yìn tí wọ́n kàn pè ní THE Orchestra. Ní oṣù Kejì ọdún 1953, Charlie Parker, ọ̀gá nínú àwọn tó ń fọn saxophone, bá wọn ṣeré ní Club Kavakos. Àwo eré ọjọ́ náà ṣì wà títí dòní.

Ìgbà tó di 1954 ni Ohùn Amẹ́ríkà ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe ètò jazz fún òkèèrè. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ilé iṣẹ́ náà. Òun àti Rọ́ṣíà ń bára wọn du ọkàn aráyé nígbà yẹn, wọ́n sì ti rí i pé bí èèyàn bá pa ìròyìn yín, ó lè má pa orin yín. Conover gba iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni Music USA bẹ̀rẹ̀: wákàtí kan fún orin tó gbajúmọ̀, wákàtí kan fún jazz. Orin tí wọ́n fi ń ṣílé ni Take the 'A' Train.

Kò sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú níbẹ̀ rárá. Orúkọ orin, orúkọ ẹni tó fọn fèrè, orúkọ ẹni tó lu ìlù, ọdún tí wọ́n ṣe é, ó tán. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà á fi lè bá a lọ. Ó tún ń pe àwọn olórin wá bá a jókòó: Louis Armstrong, Ellington, Billie Holiday. Armstrong yìí náà ló wá ṣeré nílùú Èkó ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ìyẹn lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ohùn fèrè rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Nígbà tó yá, Ohùn Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó ẹ̀rọ ńlá kan sí Làìbéríà, nítòsí Monrovia, èyí tó ń ta ohùn wọn ká Áfíríkà kí ogun abẹ́lé tó bà á jẹ́ ní 1990. Ìdí rèé tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ọ kedere láwọn alẹ́ kan ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ rédíò ilé lọ.

Ní àwọn ìlú tí ìjọba kọ́múníìsì wà, wọ́n máa ń fi ariwo dí rédíò òkèèrè tó bá ń sọ èdè ibẹ̀. Èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í sábà dí i, ibẹ̀ sì ni Conover gbà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ní Moscow, ní Warsaw, ní Prague ń jókòó lóru, wọ́n gbé etí lé rédíò, wọ́n ń da orin kọ. Ní Rọ́ṣíà, níbi tí àwo orin òkèèrè ti ṣòro rí, àwọn èèyàn ń kó fíìmù X-ray tí ilé ìwòsàn ti lò tán, wọ́n ń fín orin sí i lára, wọ́n á wá máa gbọ́ jazz lórí àwòrán egungun ìhà ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń tà á, ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn kan ṣírò àwọn tó ń gbọ́ Conover sí 30 mílíọ̀nù, àwọn mìíràn ní wọ́n tó 100 mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ní 1959 tó lọ sí Poland, ó rí èrò níbi tí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán, ó sì rò pé èèyàn ńlá kan ni wọ́n wá pàdé. Òun gan-an ni.

Cuba ló wọ̀ mí lára jù, bóyá torí pé ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba, ojú ọ̀tá ni wọ́n fi ń wo jazz, wọ́n ní orin Amẹ́ríkà ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fọn trumpet, Arturo Sandoval, wà nínú iṣẹ́ ológun tí ìjọba fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń gbọ́ ètò Conover lórí Ohùn Amẹ́ríkà. Wọ́n tì í mọ́lé ó lé ní oṣù mẹ́ta. Sọ́jà kan ń fi tinútinú lu àwo fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington nígbà ogun, wọ́n yìn ín. Bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, sọ́jà mìíràn gbọ́ àwo tó lù, ó di ẹlẹ́wọ̀n.

Sandoval ò jáwọ́. Òun, Paquito D'Rivera tí òun náà ń gbọ́ Conover láti kékeré, àti Chucho Valdés wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin Irakere sílẹ̀ ní 1973. Inú èdè Lukumí, ìyẹn èdè Yorùbá tí àwọn baba wa gbé dé Cuba lóko ẹrú, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Wọ́n gbé bàtá sójú agbo, bàtá tiwa yìí gan-an, wọ́n pò ó mọ́ jazz. Ní 1980 wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ kò bá tíì gbọ́ wọn rí, ẹ wá wọn lórí YouTube lálẹ́ òní. Bí ìlù náà bá bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n kí orí yín tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku ìhà kejì ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1948 kò gba Ohùn Amẹ́ríkà láyè láti máa sọ̀rọ̀ sí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, nítorí kí ìjọba má baà fi polongo ara rẹ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tí èrò ń sáré pàdé ní Warsaw lè rìn já gbogbo New York kí ẹnikẹ́ni má kí i. Àwọn olórin mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń lọ sí àjọyọ̀ jazz ní Newport mọ̀ ọ́n torí òun ló máa ń ṣe atọ́kùn níbẹ̀, ó parí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1969 tí Ààrẹ Nixon ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 70 fún Duke Ellington ní ilé ìjọba, Conover ló ṣètò àwọn olórin tó ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà. Ellington gba àmì ẹ̀yẹ òmìnira, èyí tó ga jù tí ààrẹ lè fún aráàlú. Conover kò gba irú rẹ̀ títí tó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn bẹ̀bẹ̀ fún un.

Èyí tó burú jù ni pé kò fìgbà kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ohùn Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ àgbàṣe ló ń ṣe fún wọn fún ọdún 41. Bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa níhìn-ín ló ṣe rí, tí wọ́n máa ń dá ṣe ètò tiwọn lórí rédíò tí kì í ṣe tiwọn. Òun náà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí kò fẹ́ kí ọ̀gá kankan máa sọ orin tó máa lù fún un. Ó rí òmìnira náà, òun nìkan ló ń yan orin rẹ̀. Àmọ́ kò sí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ nínú àgbàṣe. Nígbà tí ara ò le mọ́, ó ṣì ní láti máa wá sídìí makirofóònù. Èmi ò lè sọ fún yín pé ó ṣe àṣìṣe, n ò sì lè sọ pé ọ̀nà tó tọ́ sí ọmọ yín nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lu àwo lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kan kó lè mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá di ogójì ọdún, ẹ ní kó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa.

Ó mu sìgá púpọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní Alexandria, ìpínlẹ̀ Virginia, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1996. Ẹni ọdún 75 ni. Àwọn téèpù rẹ̀, àwo rẹ̀ àti lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ sí i láti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi wà ní ibi ìkówèésí Yunifásítì North Texas ní ìlú Denton, wọ́n sì ti gbé apá kan nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Texas, ibẹ̀ ò jìnnà sí Dallas.